Kí Wọ́n Tó Sọ Gíà Ọkọ̀ Yín Kalẹ̀: Bí A Ṣe Ń Fi Kọ́ọ̀dù Wá Àìsàn Gíà Ọ́tò

Nínú ọyẹ́ kan báyìí, olùkọ́ ilé-ìwé kan gbé Corolla rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa lójú ọ̀nà Ìlọrin, níbí nínú Ògbómọ̀ṣọ́. Ọkọ̀ náà ń rìn, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ru ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ ló ṣe ń gbéra, tó bá sì gbéra tán, ẹ́ńjìnnì á máa ké, gíà ò ní pààrọ̀ bó ṣe yẹ. Iná O/D OFF, tí gíà fi ń kìlọ̀, ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Wọ́n ti sọ fún bàbá náà níbòmíràn pé gíà ti kú, kó lọ wá owó tókúnbọ̀. Ó ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ̀ sọ̀rọ̀ owó yíyá.

A ki sikánà bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ tó ń ka kọ́ọ̀dù, ìyẹn nọ́ńbà àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tọ́jú. Kọ́ọ̀dù tó jáde ni P0753. Kò tó wákàtí kan tí a fi rí i pé eku ló jẹ wáyà, wáyà kan ṣoṣo, lábẹ́ ibi tí bátìrì jókòó sí. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń kó àgbàdo pamọ́ sí ni bàbá ń gbé ọkọ̀ náà sí lálẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra nítorí pé èmi náà ti jẹ̀bi irú rẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra sikánà, kọ́ọ̀dù yìí kan náà jáde lára ọkọ̀ ìyá kan tó ń ta aṣọ. Mo ka ohun tí sikánà kọ, mo rí "solenoid" níbẹ̀, mo ní kí wọ́n lọ ra sólẹ́nọ́ìdì, ẹnu ọ̀nà ọ́ìlì kékeré kan nínú gíà. A tú abẹ́ gíà, a pààrọ̀ rẹ̀, a da ọ́ìlì tuntun sí i. Ọjọ́ kejì, kọ́ọ̀dù padà wá. Wáyà ló já láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo dá owó iṣẹ́ padà fún ìyá náà, ṣùgbọ́n owó páàtì ti lọ. Ìgbà yẹn ló yé mi pé ibi tí kọ̀ǹpútà ti gbọ́ ariwo ni kọ́ọ̀dù ń sọ, àwa la máa wá ẹni tó ń pariwo náà rí.

Bí a ṣe ń wá a ni mo fẹ́ kọ síbí, láti orí ìgbésẹ̀ kan sí òmíràn. Ẹni tó ní ọkọ̀ lè ṣe nǹkan bí ìdajì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdajì tó kù, ẹ óò ti mọ ohun tí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì tàbí rẹwáyà yín.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́kọ̀ ló kọ́kọ́

Ẹ mú bírò àti ìwé. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ṣé òwúrọ̀ tí ọkọ̀ tutù ló ń ṣe é, àbí ìgbà tó bá ti gbóná? Ṣé gbogbo gíà ni àbí ẹyọ kan? Ṣé ó ń yọ̀, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò lọ? Àbí ó ń gbá, bí ẹni tí wọ́n ti láti ẹ̀yìn? Àbí ńṣe ló ń tiro, tó dúró sójú gíà kan tí kò kúrò níbẹ̀? Èyí tó ń tiro yẹn, lọ́pọ̀ ìgbà, kọ̀ǹpútà ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó rí ohun tí kò yé e, ó wá ti gíà mọ́ ojú kan kí nǹkan má bàa bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì lè délé.

Ẹ béèrè èyí tó ṣe pàtàkì jù: kí ni wọ́n ṣe sí ọkọ̀ náà kó tó bẹ̀rẹ̀? Wọ́n fọ ẹ́ńjìnnì? Wọ́n pààrọ̀ bátìrì? Wọ́n da ọ́ìlì sí gíà? Ọkọ̀ tó dá sáká lánàá, tó wá ń tiro lónìí lẹ́yìn tí wọ́n fi omi fọ ẹ́ńjìnnì, inú pọ́lọ́ọ̀gì wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ọ́ìlì ṣíwájú sikánà

Mo mọ̀ pé ojú ń kán gbogbo wa láti ki sikánà bọ̀ ọ́. Ẹ ní sùúrù. Ọ́ìlì ni ẹ̀jẹ̀ gíà ọ́tò. Òun ló ń ti àwọn kílọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀ pọ̀, òun náà ló ń tù ú. Tó bá dín, tó bá jóná, tàbí tó jẹ́ irú tí kò bá a mu, kọ́ọ̀dù lè jáde lóríṣiríṣi, páàtì kankan kò sì bàjẹ́.

Lára ọ̀pọ̀ Toyota tó ní gééjì, irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì, ẹ wa ọkọ̀ títí tí yóò fi gbóná dáadáa, kí ẹ dúró níbi tó tẹ́jú. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ fẹsẹ̀ mọ́ bírékì, kí ẹ fa ọ̀pá gíà láti P dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀ lójú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dá a padà sí P. Ìgbà yẹn ni kí ẹ fa gééjì yọ, kí ẹ nù ún, kí ẹ tì í wọlé, kí ẹ tún fà á. Ibi tí wọ́n kọ HOT sí ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ dé. Honda kò rí bẹ́ẹ̀. Tó bá ti gbóná, ẹ óò pa ẹ́ńjìnnì ni, kí ẹ wò ó láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ẹni tó bá wo Honda bíi Toyota máa rò pé ọ́ìlì dín, á máa bù kún un títí yóò fi kún jù, ọ́ìlì á máa hó, gíà tí kò ṣàìsàn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ọkọ̀ tí kò ní gééjì rárá, ẹ gbé e fún ẹni tó ní ibi tí wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ sókè ní títẹ́jú, tó sì lè ka ìgbóná ọ́ìlì, nítorí pé nódù kan ni wọ́n ń tú lábẹ́ rẹ̀ láti mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá kán ọ́ìlì náà sórí tíṣù funfun, kí ẹ gbé e síta gbangba níbi tí oòrùn wà. Ọ́ìlì tó dára á pupa, á mọ́, bíi sóbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́, á sì tàn káàkiri lórí tíṣù. Tó bá ti pọ́n bí omi tíì, ó ti dàgbà. Tó bá dúdú, tí ojú dúdú kan jókòó sáàárín tíṣù tí kò tàn, tí òórùn rẹ̀ dà bí ẹ̀wà tó jóná nísàlẹ̀ ìkòkò, kílọ́ọ̀ṣì ti ń jẹ níbẹ̀. Ẹ fi ìka méjì rà á: ohun tó bá ń ta yín lọ́wọ́ bí iyanrìn, irin ni. Tó bá wá rí bí ẹ̀kọ mímu tí ẹnìkan da sóbò sí, omi rádíétọ̀ ti wọ inú gíà nìyẹn. Ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́, àní dé ilé. Inú rádíétọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń tu ọ́ìlì gíà lójú. Tí ibẹ̀ bá ti bẹ́, ọ̀kan á máa wọ inú èkejì.

Nípa irú ọ́ìlì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba "ọ́ìlì pupa ni gbogbo wọn" lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Toyota tó ń lo T-IV kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó ń lo WS. Honda ní DW-1 tirẹ̀. Nissan tó ní CVT, irú gíà ọ́tò mìíràn, tó ń lo NS-2 tàbí NS-3, tí ẹ bá da ọ́ìlì gíà lásán sí i, ẹ ti ń pa á nìyẹn. Ìwé ọkọ̀ tàbí ara gééjì fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ èyí tó ń lò.

Bátìrì àti àwọn wáyà ilẹ̀

Èyí kò gba àkókò. Ẹ fi mítà wọn bátìrì nígbà tí ọkọ̀ ti sinmi: fóòtì 12.4 sí 12.7 ni. Ẹ dáná sí ọkọ̀: 13.5 sí 14.5 ni ọ̀pọ̀ máa ń fún yín. Ẹ mi orí bátìrì, kí ẹ wo wáyà tó so gíà mọ́ bọ́dì. Kọ̀ǹpútà tí iná kò tó a máa purọ́, kọ́ọ̀dù mẹ́fà méje á sì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọn kò bára tan.

Sikánà wọlé

Ojúhò sikánà wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi ẹsẹ̀ awakọ̀, ihò rẹ̀ sì jẹ́ 16. Gbogbo ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní in. Àwọn tó ń lo pẹtiróòlù ní Yúróòpù, láti 2001. Nítorí náà, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tókúnbọ̀ tí à ń wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà nínú ètò yìí.

Sikánà kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ dára, mo sì mọ àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH kan ní àdúgbò Under G tí wọ́n ní in. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ààlà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò lè kọjá kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ tí à ń sọ yìí fẹ́ sikánà tó lè wọ inú kọ̀ǹpútà gíà gan-an, tó sì lè fi nọ́ńbà hàn bí ọkọ̀ ṣe ń rìn. Tí ẹ kò bá ní in, ẹ sanwó fún ẹni tó ní in. Owó yẹn kéré púpọ̀ sí owó gíà.

Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ dé ON, ẹ má dáná. Ẹ ka ti ẹ́ńjìnnì, ẹ ka ti gíà, ẹ ka ti bírékì ABS náà. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀: èyí tó ti fìdí múlẹ̀, àti èyí tí sikánà pè ní "pending", ìyẹn ni èyí tí kọ̀ǹpútà ṣì ń ṣọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ibi tí wọ́n kọ "freeze frame" sí. Ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti tọ́jú ipò tí ọkọ̀ wà lásìkò tí kọ́ọ̀dù wọlé: bó ṣe ń sáré tó, bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí tó.

Ẹ má pa kọ́ọ̀dù rẹ́. Mo mọ̀ pé ọwọ́ máa ń yá àwọn kan láti pa á, kí iná lè kú, kí oníbàárà lè rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rí la pa yẹn. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ti pa kọ́ọ̀dù rẹ̀ rẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó lè gbà mí ní ọjọ́ méjì kí n tó tún rí ohun tí sikánà ì bá ti sọ fún mi ní ìṣẹ́jú méjì.

Bí a ṣe ń ka orúkọ rẹ̀

Lẹ́tà kan àti nọ́ńbà mẹ́rin ni. P jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì àti gíà, C ti abẹ́ ọkọ̀ bíi bírékì, B ti bọ́dì, U ti ìbánisọ̀rọ̀ láàárín àwọn kọ̀ǹpútà. Tí nọ́ńbà tó tẹ̀lé lẹ́tà bá jẹ́ 0, ìtumọ̀ rẹ̀ kan náà ni lára gbogbo ọkọ̀. Tó bá jẹ́ 1, ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló fún un ní ìtumọ̀, ẹ má fi ti Honda túmọ̀ ti Ford. Èyí tó tẹ̀lé e, tó bá jẹ́ 7, ọ̀rọ̀ gíà ti dé.

P0700 ló ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn jù, òun ló sì ṣófo jù. Kọ̀ǹpútà gíà ló ń sọ fún ti ẹ́ńjìnnì pé, "Ọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ mi, bá mi tan iná." Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Tí sikánà bá fi P0700 nìkan hàn yín, ẹ kò tíì mọ nǹkan kan. Ẹ wọ inú kọ̀ǹpútà gíà, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gan-an wà. Ẹnikẹ́ni tó bá fi P0700 nìkan sọ fún yín pé kí ẹ ra gíà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín.

Èwo la ó kọ́kọ́ dojú kọ?

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Tí kọ́ọ̀dù bá pọ̀, ti iná àti ti ìbánisọ̀rọ̀ ló ṣíwájú: P0562, iná kò tó, U0101, kọ̀ǹpútà gíà kò dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti ẹ́ńjìnnì. P0300 àti àwọn àbúrò rẹ̀ ń sọ pé ẹ́ńjìnnì kò jó geere. Ọkọ̀ tí pọ́lọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì kan kò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ a máa gbọ̀n nígbà tó bá ń gun òkè, ọlọ́kọ̀ á sì fi ọwọ́ sọ̀yà pé gíà ni. Kọ́ọ̀dù tírótù, P0120 sókè, ń da gíà láàmú pẹ̀lú, torí ara bí ẹ ṣe tẹ tírótù ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ìgbà tí yóò pààrọ̀ gíà. Ẹ tún èyí ṣe tán kí ẹ tó wo gíà.

Kọ́ọ̀dù wáyà, kọ́ọ̀dù sẹ́ńsọ̀, kọ́ọ̀dù inú gíà

Ọkàn iṣẹ́ náà nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbí.

Ẹ wo P0751 àti P0753. Sólẹ́nọ́ìdì kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, èyí tí wọ́n pè ní A. Sólẹ́nọ́ìdì jẹ́ ẹnu ọ̀nà kékeré tí iná ń ṣí tí iná sì ń tì, kí ọ́ìlì lè gba ibẹ̀ lọ sí gíà tó yẹ. P0753 ní iná kò lọ kó bọ̀ bó ṣe yẹ: wáyà, pọ́lọ́ọ̀gì wáyà, tàbí kóílì inú sólẹ́nọ́ìdì. P0751 ní iná lọ, iná bọ̀, ṣùgbọ́n gíà kò ṣe ohun tí wọ́n rán an. Ìdọ̀tí ti dí ojú ọ̀nà, tàbí fáàfù ti há, tàbí ọ́ìlì kò ní agbára, tàbí kílọ́ọ̀ṣì ti jẹ tán. Ti àkọ́kọ́, mítà ló máa yanjú rẹ̀, ẹ kò ní tú gíà. Ti èkejì, ọ́ìlì àti inú gíà lẹ máa wò. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ méjì yìí ló máa ń ra ohun tí kò bàjẹ́, bí mo ṣe ṣe fún ìyá aláṣọ. P0743, P0748, P0758, ìran P0753 ni wọ́n. P0741, P0756, P0776, ìran P0751.

Ti sẹ́ńsọ̀, ohun kékeré tó ń ka nǹkan fún kọ̀ǹpútà: P0705 jẹ́ ti èyí tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé P lẹ wà tàbí R tàbí D. Àmì rẹ̀ ni pé ọkọ̀ kì í dáná ní P àfi ní N, tàbí iná ẹ̀yìn kì í tàn tí ẹ bá fi sí R. Ẹ ṣí sikánà, kí ẹ máa fa ọ̀pá gíà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá lẹ́tà ojú sikánà ń tẹ̀lé ọwọ́ yín. Tí kò bá tẹ̀lé e, ó lè jẹ́ pé ó kàn yẹ̀ kúrò lójú ibi tí wọ́n dè é sí ni.

P0712 àti P0713 jẹ́ ti ìgbóná ọ́ìlì. Èyí rọrùn láti mú. Ní òwúrọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó dáná sí ọkọ̀, ẹ wo nọ́ńbà ìgbóná ọ́ìlì gíà, ti omi rádíétọ̀ àti ti afẹ́fẹ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, nítorí pé ọkọ̀ ti sùn. Tí sikánà bá wá sọ pé ọ́ìlì gíà wà ní dígírì 40 nísàlẹ̀ òdo, ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí a kì í rí yìnyín lórí ilẹ̀, wáyà sẹ́ńsọ̀ náà ti já tàbí pọ́lọ́ọ̀gì rẹ̀ ti yọ. Tó bá sọ pé ó ti ń hó kí ẹ tó dáná, wáyà ti kan ara wọn.

P0715 sí P0717 jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ tó ń ka eré ọ̀pá tó wọ inú gíà. P0720 sí P0722, ti ọ̀pá tó jáde. P0730 sí P0736 ló wá ń sọ pé ìṣirò eré méjèèjì kò bára mu: P0731 ní gíà kìíní, P0732 ní gíà kejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, P0736 ní rìfáàsì. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kóra jọ. Tó bá jẹ́ P0733 nìkan, gíà kẹta ló ń yọ̀, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tàbí sólẹ́nọ́ìdì rẹ̀ ló ní ẹjọ́. Tí gbogbo gíà bá jáde pọ̀, ẹ wo ọ́ìlì àti agbára tó ń tì í. Tí gbogbo wọn bá jáde pọ̀ tí P0722 sì wà láàárín wọn, sẹ́ńsọ̀ ọ̀pá tó jáde ló ń purọ́. Ó ṣeé ṣe kí gíà má ní àìsàn kankan. Sẹ́ńsọ̀ yìí, lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nódù kan ló dè é mọ́ ìta gíà.

P0218, ìgbóná ti kọjá ààlà. Ọ́ìlì gíà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa máa ń wà ní nǹkan bíi dígírì 80 sí 95. Tó bá ti kọjá 120, ó ti ń jóná. Àwọn tó ń tọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ Ìbàdàn mọ ohun tí mò ń sọ: kí èèyàn tẹ̀lé tírélà ní ọ̀sán gangan, ẹ rìn díẹ̀, ẹ dúró, ẹ tún rìn. Tí kọ́ọ̀dù yìí bá jáde lẹ́yìn irú ìrìn bẹ́ẹ̀, ẹ wo fáànù àti rádíétọ̀ kí ẹ tó fi ẹ̀sùn kan gíà.

Gbígbé e jáde

Ẹni méjì ni kó lọ. Awakọ̀ kò gbọ́dọ̀ wo sikánà. Ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò máa wò ó. Àwa máa ń jáde ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, kí oríta Takie tó dí, a ó sì kọrí sí ọ̀nà Ìlọrin.

Ẹ mú nǹkan márùn-ún jáde lójú sikánà: eré ẹ́ńjìnnì, eré ọ̀pá tó wọ inú gíà, eré ọ̀pá tó jáde, gíà tí kọ̀ǹpútà pàṣẹ, àti ìgbóná ọ́ìlì. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ fi eré ọ̀pá tó jáde pín eré ọ̀pá tó wọlé. Bí àpẹẹrẹ, ìyí 2,400 ní ìṣẹ́jú kan wọlé, 1,200 jáde, 2.0 nìyẹn. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni gíà kejì rẹ̀ ṣe rí. Ẹ wá tẹ tírótù díẹ̀ sí i. Tí èyí tó wọlé bá fò dé 3,000, tí èyí tó jáde ṣì wà ní 1,200, ó ti di 2.5. Kò sí gíà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Yíyọ̀ lẹ rí yẹn, ojú yín ló sì ṣe.

Ti P0741 náà, ojú ọ̀nà la ti ń mú un. Láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà, igbá irin kan wà tí ọ́ìlì ń yí nínú rẹ̀, tọ́kù kọnfátà. Tí ọkọ̀ bá ti gbóná, tó ń sáré geere ní bíi kìlómítà 80 ní wákàtí, kílọ́ọ̀ṣì kan nínú rẹ̀ máa ń ti méjèèjì pọ̀ kí wọ́n máa yí bí ẹyọ kan. Nígbà yẹn, eré ẹ́ńjìnnì àti eré ọ̀pá tó wọ inú gíà gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tí kọ̀ǹpútà bá ti pàṣẹ, tí ìyàtọ̀ ṣì jẹ́ 200 tàbí 300, kò tì. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ á máa mu epo, gíà rẹ̀ á sì máa gbóná. P0742 ni òdìkejì rẹ̀: ó tì, kò ṣí mọ́, tí ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ́ńjìnnì á kú bí ọkọ̀ mánúà tí wọ́n gbàgbé kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Tí kọ̀ǹpútà kò bá tilẹ̀ pàṣẹ rárá, ẹ wo súwíìsì bírékì. Kọ̀ǹpútà tó bá rò pé ẹsẹ̀ yín wà lórí bírékì kò ní tì í láéláé.

Àwọn kan máa ń tẹ bírékì mọ́lẹ̀, kí wọ́n fi sí D, kí wọ́n tẹ tírótù dé ìsàlẹ̀ láti gbọ́ bí gíà ṣe lágbára tó. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú-àáyá 5, ọ́ìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í jóná, tí bírékì bá sì já, ẹni tó wà níwájú ọkọ̀ ló máa sanwó rẹ̀. Èmi kì í ṣe é ní àdúgbò.

Mítà ló máa dájọ́

Fún àwọn kọ́ọ̀dù wáyà. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ orí bátìrì. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì ńlá tó wọ ara gíà, kí ẹ kọ́kọ́ fi ojú wò ó: ṣé ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, ṣé ẹ̀gbin aláwọ̀ ewé ti bo pín, ṣé pín kan ti wọ inú lọ? Ẹ wá wọn sólẹ́nọ́ìdì láti ibẹ̀. Ti Corolla bàbá olùkọ́ yẹn gbọ́dọ̀ wà láàárín óòmù 11 sí 15, óòmù ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó. Ó fún wa ní 13. Sólẹ́nọ́ìdì yè, nìyẹn. A dá pọ́lọ́ọ̀gì padà, a lọ sí orí kejì, lọ́dọ̀ brainbox, ìyẹn kọ̀ǹpútà, a tún wọn ọ̀nà kan náà láti ibẹ̀. Mítà kò sọ nǹkan kan. Ohun tó yè ní ìsàlẹ̀, tó kú ní òkè, àárín ló ti já. Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi máa mi wáyà náà díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè, èmi ń wo mítà. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé abẹ́ bátìrì, nọ́ńbà fò wá, ó tún lọ. A tú téèpù ibẹ̀, a rí àmì eyín. Bàbà wáyà náà ti ku fọ́nrán méjì péré tó ń kan ara wọn nígbà mìíràn.

Tí ẹ bá ń so irú wáyà bẹ́ẹ̀, ẹ má kàn lọ́ ọ pọ̀. Ẹ fi lédì jó o, kí ẹ fi rọ́bà tó ń súnkì bò ó. Ẹ tún wọn wáyà kọ̀ọ̀kan sí bọ́dì, kí ẹ rí i pé kò kan ilẹ̀ níbi tí kò yẹ. Nọ́ńbà óòmù yàtọ̀ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, ẹ má fi 11 sí 15 yìí dá ẹjọ́ ọkọ̀ mìíràn. Ìwé ọkọ̀ yẹn ni kí ẹ wò.

Ìgbà yìí lẹ lè pa kọ́ọ̀dù rẹ́

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ wa ọkọ̀ ní òtútù àti ní gbígbóná, nínú ìlú àti lójú títì, gbogbo gíà. Ẹ tún kà á, kí ẹ wo "pending" dáadáa, torí ibẹ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ yọjú. Ẹ má bẹ̀rù bí gíà bá ń gbá díẹ̀ ní ọjọ́ kìíní. Kọ̀ǹpútà ń kọ́ ọkọ̀ náà lákọ̀tun.

Tó bá wá jẹ́ pé ọ́ìlì dúdú, irin wà nínú rẹ̀, P0731 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jáde, ìṣirò ojú ọ̀nà fi yíyọ̀ hàn, mítà sì ní gbogbo wáyà àti sẹ́ńsọ̀ yè, nígbà yẹn, gíà gan-an ni. Ẹ sọ ọ́ fún ọlọ́kọ̀ ní òótọ́, kí ẹ fi ìwé tí ẹ kọ hàn án. Tó bá fẹ́ ra tókúnbọ̀, kó mú nọ́ńbà tó wà lára gíà tirẹ̀ dání lọ sọ́jà. Gíà méjì lè jọra lójú, kí ìṣirò wọn yàtọ̀. Kí ẹ tó gbé èyí tuntun wọlé, ẹ fọ ojú ọ̀nà ọ́ìlì tó lọ sí rádíétọ̀. Irin gíà tó kú ṣì wà níbẹ̀, yóò sì wọ inú èyí tí ẹ rà.

Ti bàbá olùkọ́, a kọ àwọn kọ́ọ̀dù rẹ̀ àti nọ́ńbà mítà sórí ìwé kan, a fi í sínú àpótí iwájú ọkọ̀ náà, kí ẹni tó bá tún ṣí i lọ́jọ́ iwájú lè mọ ibi tí a dé. Wọ́n ti kó àgbàdo kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.